Àga Tí Kò Gbọdọ̀ Rìn Fúnra Rẹ̀

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ síwájú àga bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ òun.

"Jọ̀ọ́," ló ń sọ, "má dójú tì mí lónìí. Mo ti fi òróró pa ọ́ lẹ́sẹ̀. Mo ti ra bátìrì tuntun fún ọ. Kí ló tún kù tó o fẹ́?"

Ní yàrá kejì, níwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń fi inú yàrá tí wọ́n ti ń fi ìgbì rédíò dán ẹ̀rọ wò hàn, ọmọbìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́ jáde. Elétíọfẹ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ariwo tó lè sá pamọ́ fún un. Bí ẹ̀rọ kan bá ń kùn lábẹ́lẹ̀, kí ìlà tó ta sókè lójú kọ̀ǹpútà ni yóò ti gbọ́. Ó ti rí oníbàárà tó gbàdúrà lé ẹ̀rọ rẹ̀ lórí, ó ti rí èyí tó ń ṣépè fún tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó ń tu àga nínú báyìí rí.

Àga onítáyà ni, irú èyí tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ fi ń rìn. Ògiri yàrá náà kún fún fóòmù dúdú onísọnsọ tó ń gbé ìgbì rédíò mì, kò sì sí ìró kankan níbẹ̀ àfi ohùn ọkùnrin yìí, tó rọra ń dún bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, gírísì fa ìlà kan sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, kò sì mọ̀.

Elétíọfẹ tẹ bọ́tìnnì. "Àga ti gbọ́ yín, sà. Ẹ jáde, kí n lè ti ilẹ̀kùn."

Ọkùnrin náà fò sókè, díẹ̀ ló kù kó forí gbá áńténà. "Ẹ... ẹ ti wà níbẹ̀ látìgbà wo?"

"Látìgbà tí ẹ ti ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀."

Nígbà tó wọlé síbi tí ọmọbìnrin náà wà, etí rẹ̀ ti pọ́n. Ó wo Elétíọfẹ, ó wo ilẹ̀, ó tún wo Elétíọfẹ. Elétíọfẹ náà ń wo ìlà gírísì yẹn, ọwọ́ sì ń yún un láti nù ún kúrò. Ó fi ọwọ́ náà sábẹ́ tábìlì.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan ká tó bẹ̀rẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ lè má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Módù tó wà nínú àga yẹn, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń gba àṣẹ látorí fóònù láìsí wáyà, ó ti gbàwé àṣẹ. Àwọn tó ṣe é ti dán an wò tán."

Elétíọfẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí gbogbo oníbàárà máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

"Òun nìkan ni wọ́n dán wò, sà, lórí tábìlì mímọ́, tí kò sẹ́ni tó ń dà á láàmú. Inú àga ló ń gbé báyìí. Mọ́tò wà níbẹ̀, bátìrì wà níbẹ̀, wáyà gígùn gbogbo wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára. A fẹ́ mọ bí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó nígbà náà," ni ọkùnrin náà wí, bí ẹni tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀.

Elétíọfẹ ti ilẹ̀kùn irin náà pa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgbì rédíò sára àga. Iṣẹ́ àga nígbà yẹn ò ju kó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Fún ìgbà díẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni táyà ọ̀tún gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó fún un láṣẹ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àga náà yí po, ó sáré lọ, ó sì fimú gún ògiri fóòmù.

Elétíọfẹ pa ìgbì náà.

"Bàbá mi ni yóò jókòó sórí rẹ̀," ni ọkùnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ ò sì ju èémí lọ. "Ká ní ẹ̀bá ọ̀nà ló wà, kí ọlọ́pàá kan máa kọjá lọ pẹ̀lú rédíò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀..."

"Ìdí tí a fi ń ṣe é nìyẹn, sà." Elétíọfẹ ò mọ ìgbà tó na tíṣù sí i. "Gírísì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín."

*

Alága ni wọ́n wá ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́. Ta ni yóò gbé àga wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọn ò ní pè é bẹ́ẹ̀?

"Alága, ṣé kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀?" ni Elétíọfẹ máa ń bi í.

"Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé alága tètè dé," lòun náà á fèsì.

Alága ti sún áńténà módù náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà mọ́tò. Ó ti lọ́ wáyà méjì méjì mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tó wá, ariwo ńlá kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ta sókè, ó ń wálẹ̀, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Alága káwọ́ lérí. "Mo gbé! Kí ló tún ṣe é?"

Elétíọfẹ tẹ́tí, ó ṣẹ́jú. "Àga kọ́. Fóònù yín dà?"

Ó tọwọ́ bàpò ọ̀tún. Ó tọwọ́ bàpò òsì. Abẹ́ tìmùtìmù àga ni fóònù wà, nínú yàrá tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan ò lè wọ̀.

"Fóònù tí kò bá rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í dákẹ́," ni Elétíọfẹ ṣàlàyé bó ti ń ṣílẹ̀kùn. "Ńṣe ló máa ń pariwo sí i, pé bóyá ẹnì kan á gbọ́ òun."

"Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe é," ni Alága fèsì, kò sì wo fóònù nígbà tó ń sọ ọ́.

Bí fóònù ṣe jáde ni ọ̀rọ̀ tó ti há sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ojú fóònù ni wọ́n hàn sí, Elétíọfẹ ò sì fọ́jú. *Ó yege?* *Dá mi lóhùn.* *Ọmọbìnrin yẹn náà ni?* *Ṣé o ti sọ fún un ni àbí o ṣì ń bá àga sọ̀rọ̀?*

"Bàbá mi ti darúgbó," ni Alága sọ kíákíá. "Kì í mọ ohun tó ń tẹ̀."

"Ó jọ pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ní àkókò ìsinmi, pẹ̀lú búrẹ́dì àti tíì. Ibẹ̀ ni Elétíọfẹ ti gbọ́ pé rẹfirí bọ́ọ̀lù ni bàbá náà nígbà tó lẹ́sẹ̀, pé Rẹfirí náà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é, àti pé ní gbogbo ìgbà tí àga bá ti kùnà ló máa ń béèrè pé, "Ta ni obìnrin tó ń já àga mi kulẹ̀ yìí gan-an?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alága sìn ín dé ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó lọ. Awakọ̀ tó tẹ̀lé e yọrí síta.

"Ẹ̀yin yìí, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ń fẹ́ra yín?"

"Méjèèjì," ni Alága dá a lóhùn.

Elétíọfẹ rẹ́rìn-ín wọnú ọkọ̀ náà, ó sì rẹ́rìn-ín délé. Ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló ṣe ọ́ báyìí?" Ó ní kò sẹ́ni kankan. Ìyá ní, "Kí Kò-sẹ́ni-kankan wá kí wa o."

*

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tú wọn fó.

Àga ti kọjá nínú ìdánwò gbogbo, ó ku èyí tó le jù, níbi tí ìgbì á ti pọ̀ jù lọ. Alága ń tún àga gbé kalẹ̀ nínú yàrá. Elétíọfẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, Rúlà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí í wọn ohun gbogbo títí kan búrẹ́dì tó fẹ́ jẹ, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága fẹ́ fọwọ́ kan áńténà ńlá. Elétíọfẹ tẹ bọ́tìnnì wàrà.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀ jàre!"

Rúlà yí ojú sí i díẹ̀díẹ̀. "Ọwọ́ *ẹ*? Oníbàárà wo là ń pè ní ìwọ níbí?"

Elétíọfẹ alára ò mọ ìgbà tí "ẹ̀yin" ti di "ìwọ". Àwọn méjèèjì mọ òfin ilé iṣẹ́ náà: ẹni tó bá sún mọ́ ẹni tó lẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Elétíọfẹ dá ìdánwò ọjọ́ náà dúró.

Ó sọ fún Alága lórí bẹ́ǹṣì pé òun máa lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá òun, kí Rúlà lè parí iṣẹ́ náà. Ojú ọkùnrin náà yí padà.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ọ́. Ìdánwò kan péré ló kù. Ilé ìwòsàn fẹ́ ra àga wọ̀nyí fún gbogbo wọ́ọ̀dù, wọ́n sì ní kí n mú èsì wá kí oṣù tó parí. Bí o bá fà á lé Rúlà lọ́wọ́, ẹ̀yìn ìlà ni wọ́n máa dá mi padà sí. Wọn á lọ ra tẹlòmíràn. Mo máa ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe àga pa ni."

"Bí ẹnì kan bá wá mọ̀ lọ́la ńkọ́? Wọn á ní ìfẹ́ ló mú àga yẹn yege. Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ mọ́."

"Ìfẹ́ ti wá dẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò lè fi wọn ìgbì."

Alága dìde. Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Ó dáa, mà. Ẹ ṣe é bó ṣe tọ́ lójú yín."

"Ẹ" yẹn ló gún un lọ́kàn jù.

Ọ̀gá àgbà ń wá gíláàsì rẹ̀ nígbà tí Elétíọfẹ wọlé, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni gíláàsì wà. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Kí ló jẹ́ sí ọ?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, mà."

"Gbogbo oníbàárà lọ̀rẹ́ wa. Mi ò lè tìtorí ọ̀rẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Sọ ọ́ délẹ̀."

Elétíọfẹ wo ilẹ̀. Ó wo fèrèsé. "Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni, mà."

"Ehn-ehn! Ó ti bi ọ́?"

"Rárá, mà."

"Ṣé òun fúnra rẹ̀ mọ̀?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó máa mọ̀ báyìí. Ẹni tí a bá fẹ́ pààrọ̀ ẹni tó ń dán ẹrù rẹ̀ wò, ó yẹ kó mọ ìdí." Ọ̀gá ti gbé fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè máa sọ̀rọ̀ síta.

"Mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dákun..."

"Hẹ́lò?" Ohùn Alága ni.

"Ẹ káàsán, sà. Láti yàrá ìdánwò ni. Ẹlòmíràn ni yóò parí iṣẹ́ lórí àga yín. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀yin lẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Elétíọfẹ gbọ́ èémí Alága. Ó gbọ́ mọ́tò kan tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ ìgbà tí mọ́tò náà dákẹ́.

"Ẹ... ẹ jẹ́ kí n pè yín padà, mà."

Fóònù kú. Ọ̀gá yọ gíláàsì lórí, ó wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi síbẹ̀. "Lọ mumi," ló sọ pẹ̀lẹ́.

*

Alága ò pè padà. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Elétíọfẹ ń dán ẹ̀rọ ìlọta wò, ó ń dán aago wò, gbogbo wọn ń kùn, kò sì gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tó ń retí. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò kábàámọ̀. Ká ní wọ́n tún bi í, ohun kan náà ni yóò sọ.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà tí kò mọ̀ pè é.

"Ṣé ìwọ lo já àga mi kulẹ̀?" Ohùn àgbàlagbà ni, ó le bí òkúta.

"Èmi ni, sà."

"Lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

"Wá sílé mi. Mo fẹ́ rí ojú ẹni tó láyà tó bẹ́ẹ̀."

Yàrá ìgbàlejò náà kéré, ó mọ́ tónítóní. Rẹfirí jókòó sórí àga àtijọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ tì, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró bí ẹni tó ṣì wà lórí pápá. Elétíọfẹ kúnlẹ̀ kí i. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú.

"Dìde, ọmọ mi. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ní o ta òun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bàbá, mi ò..."

"Jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi di kóòṣì, mo lọ bá àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù pé kí wọ́n má fi mí ṣe rẹfirí fún ẹgbẹ́ rẹ̀ láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi bínú títí. Ó ní ṣé òun ní kí n ṣe ojúsàájú ni? Mo ní rárá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá borí, ta ló máa gbà pé ẹ borí?" Ó na ìka sí i. "Ìwọ ò ta ọmọ mi. Bí o bá ta ẹnikẹ́ni, ara rẹ lo tà. Ta ló ń sọ pé òun fẹ́ ọkùnrin létí ọ̀gá rẹ̀, kó tó sọ ọ́ létí ọkùnrin náà?"

Elétíọfẹ fọwọ́ bojú.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Alága wọlé pẹ̀lú wáyà lọ́rùn, ó rí i, wáyà sì jábọ́.

"Bàbá, ẹ... Kí ló..."

"Ẹnu rẹ lo máa fi sọ̀rọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, "kì í ṣe ọwọ́."

Alága rìn wá síwájú, ó dúró. "Mi ò pè padà nítorí ojú ń tì mí. Mo ní kó o fi mí pamọ́, ìwọ sì lọ kéde mi. Ọjọ́ tí ọ̀gá yín pè, mo pa iná ẹ̀rọ, mo sì jókòó sílẹ̀. Mo ní, irú ẹnu wo ni mo máa fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ṣa wáyà náà nílẹ̀. "Lánàá, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sọ ọ́ fún olórí nọ́ọ̀sì bó ṣe rí gan-an, pé èsì máa pẹ́, àti ìdí tó fi máa pẹ́. Mo rò pé ó máa lé mi jáde ni. Ó ní ibi tí èèyàn ti lè nífẹ̀ẹ́ ẹni kó sì tún yẹra fún ẹrù rẹ̀, ìwé èsì láti ibẹ̀ ni òun fẹ́. Ó ní òun á dúró."

"Ó dúró?"

"Ó dúró. Èmi ni mi ò dúró. Dárí jì mí, olólùfẹ́ mi. Ìwọ lẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Láti ọjọ́ tíṣù yẹn ni."

Ọkàn Elétíọfẹ ń fò bí ìlà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ká apá mọ́yà. "Ọ̀gá mi ló bi ọ́. Òun ni kó o dá lóhùn."

"Nísinsìnyí?"

"Àbí o fẹ́ pè mí padà ni?"

Rẹfirí bú sẹ́rìn-ín. Alága tẹ nọ́ńbà Ọ̀gá, ó sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn Ọ̀gá.

"Alága ni, mà. Ìbéèrè tí ẹ bi mí lọ́jọ́sí. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òótọ́ ni. Èmi náà fẹ́ fẹ́ ẹ, bó bá máa gbà."

"Mo ti gbà!" ni Elétíọfẹ kígbe láti ẹ̀yìn.

Wọ́n gbọ́ tí Ọ̀gá ń fọn ikun. "Ó dáa. Rúlà ni yóò dán àga yín wò. Ẹ má retí àánú o."

"Ta ló fẹ́ àánú?" ni Rẹfirí dáhùn.

*

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọn ò jẹ́ kí Elétíọfẹ dé ìtòsí kọ̀ǹpútà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹfirí tó ní òun ò ní jókòó sílé. Ilẹ̀kùn irin nípọn, ògiri nípọn. Òun tí wọ́n ń pè ní Elétíọfẹ fetí lélẹ̀ títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí lo gbọ́?"

"Kò sí, Bàbá."

"Kò-sí yẹn, ṣé ó dára àbí kò dára?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ọwọ́ àgbàlagbà náà wá ọwọ́ rẹ̀ rí, ó sì dì í mú. Rúlà á ti máa gbé ìgbì náà sókè báyìí, díẹ̀díẹ̀, láìfo ibì kankan, bó ṣe máa ń ṣe. Á dé ibi tí táyà ọ̀tún ti gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á kọjá ibẹ̀. Á dúró pẹ́ jù bó ṣe yẹ, kó lè dá a lójú. Elétíọfẹ mọ gbogbo rẹ̀, ìmọ̀ náà ò sì ràn án lọ́wọ́ rárá.

Ilẹ̀kùn ṣí. Rúlà jáde, ojú rẹ̀ ò sunkún, kò rẹ́rìn-ín.

"Mo tú gbogbo ìgbì tí a ní sí i," ló wí. "Mo dán an wò níwájú. Mo dán an wò lẹ́yìn. Mo dán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wò. Nítorí ọ̀rọ̀ tiyín yìí, mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Àga yẹn ò mira."

Rẹfirí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ké tagbára-tagbára:

"Góóóòlù!"

Àwọn òṣìṣẹ́ yọrí láti yàrá gbogbo. Ọ̀gá sáré jáde pẹ̀lú gíláàsì lórí. "Bàbá, ẹ̀yin rẹfirí! Ṣé rẹfirí máa ń kígbe góòlù ni?"

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbé e mì," ni Rẹfirí wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Gbogbo góòlù tó wù mí, mo gbé e mì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹ jẹ́ n kígbe!" Ó sì tún kígbe.

Alága ti àga náà jáde. Kò wo ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ẹnì kan. Ó gbá Elétíọfẹ mọ́ra níwájú Ọ̀gá, níwájú Rúlà, níwájú gbogbo ilé iṣẹ́, kò sì sí ohun tí wọ́n ní láti fi pamọ́ mọ́.

"Ìyàwó Alága," ló sọ sí i létí.

"Má tíì pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ò tíì rí ọ."

"Ìgbà wo ni mo máa wá?"

"Lónìí. Fọ ojú ẹ kó o tó wá, gírísì tún wà níbẹ̀." Lọ́tẹ̀ yìí, kò na tíṣù sí i. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi nù ún kúrò, ní ìrọ̀rùn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí gírísì ṣe pọ̀ tó.

Wọ́n gbé Rẹfirí sórí àga tuntun náà. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì lójú fóònù rẹ̀, àga gbéra, ó ń lọ bí epo lórí omi, nítorí ó gbàṣẹ rẹ̀, kò sì gba tẹlòmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Rúlà náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń pa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà kọjá láàárín wọn, orí rẹ̀ sókè, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ńlá tí oòrùn ti ń wọlé.

Ó dúró níbẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ló pè, "ẹ máa bọ̀ kíá, ẹ má jẹ́ kí ìyá ìyàwó máa dúró!"

Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì sáré tẹ̀lé e bọ́ sínú oòrùn.